Nọ́ńbà àkọ́kọ́
Ọ̀rọ̀-orúkọ, ìṣirò. Odidi nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí kò sí odidi nọ́ńbà tó lè pín in láìṣẹ́kù àyàfi 1 àti òun fúnra rẹ̀: 2, 3, 5, 7, 11.

Ìlò. Lára kọ̀ntéénà tó ń gba èbúté Àpápá kọjá sí ọ̀nà Ajégúnlẹ̀, lẹ́tà 4 àti fígọ̀ 7 ni a ń kọ, bíi CSQU 305438 3. Fígọ̀ ìkẹyìn ni ẹlẹ́rìí. A ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní iye, a ó sọ iye mẹ́wẹ̀ẹ̀wá di ìlọ́po 1, 2, 4, 8 títí dé 512, a ó rò wọ́n pọ̀, a ó sì fi 11 pín àròpọ̀ náà. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni ẹlẹ́rìí. Bó bá jẹ́ 10, a ó kọ 0. Níhìn-ín, 6185 ṣẹ́ku 3.

Bí akọ̀wé bá ṣèèṣì kọ 805438, àròpọ̀ yóò fi 80 lé sí i. Bó bá jẹ́ pé 10 ni a fi ń pín, àṣìṣe náà ìbá farasin. 11, tó jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́, tú u fó: 6 ni yóò ṣẹ́kù.

Àkíyèsí. Gbólóhùn yìí tún lè túmọ̀ sí nọ́ńbà tó ṣáájú. Nínú ìwé ẹrù, “nọ́ńbà àkọ́kọ́ kọ̀ntéénà” ni 3 tó ṣáájú, kì í ṣe 11. Kí òǹtumọ̀ fi “nínú ìṣirò” kún un níbi tí ìtumọ̀ bá ti lè ṣini lọ́nà.