Fíìmù Dúdú-àti-Funfun Olówó Pọ́ọ́kú Nínú Iṣẹ́ Ìwádìí Orí Pápá

1.0 Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni bí akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan ṣe lè fi fíìmù dúdú-àti-funfun olówó pọ́ọ́kú ya àwòrán tí yóò wúlò fún ìwádìí. Àwa tí a ń gba ìjálá, ẹkún ìyàwó àti ẹ̀ṣà sílẹ̀ máa ń ṣe wàhálà púpọ̀ lórí ohùn, ṣùgbọ́n ojú ẹni tí ó ni ohùn náà kì í sábà jẹ wá lógún. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni ju fóònù rẹ̀ nù o. Ohun tí a ń sọ ni pé nẹ́gẹ́tíìfù tí a fọ̀ dáadáa jẹ́ ohun tí a lè gbé sí ojú fèrèsé kí a sì rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ láìlo ẹ̀rọ kankan, àti pé fàdákà tí ó di àwòrán inú rẹ̀ máa ń pẹ́ ju aró inú fíìmù aláwọ̀ lọ.

Iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ lórí fótò láàrin àwọn Yorùbá. Stephen Sprague kọ ọ̀kan tí ó jáde nínú African Arts ní 1978. Ó mẹ́nu ba àwòrán ìbejì, níbi tí ayàwòrán ti ń tẹ àwòrán ọmọ kan lẹ́ẹ̀mejì sí ara bébà kan ṣoṣo nígbà tí èkejì rẹ̀ bá ti kú. Ojú tí Yorùbá fi ń wo ara wọn ni iṣẹ́ náà dá lé. Tiwa níhìn-ín kò ju ọ̀nà ṣíṣe é lọ.

2.0 Irú fíìmù tí ó wà

Méjì ni a ó dárúkọ. Èkíní ni Fomapan, tí ilé-iṣẹ́ Foma ń ṣe ní Hradec Králové ní ilẹ̀ Czech. Èkejì ni Kentmere, tí Harman ń ṣe ní Mobberley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan náà tí ń ṣe Ilford HP5 Plus tí ó wọ́n jù ú lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí owó rẹ̀ dín sí i lè ra odidi fíìmù gígùn, èyí tí ó jẹ́ mítà 30.5, kí ó máa gé e sínú agolo fíìmù fúnra rẹ̀ nínú òkùnkùn. Nǹkan bí agolo 18, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba àwòrán 36, ni yóò rí nínú rẹ̀.

Nọ́ńbà tí ó wà lára páálí ni ó ń sọ bí fíìmù ṣe yára gba ìmọ́lẹ̀ tó. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ tí fíìmù 100 ń fẹ́ ni 400 ń fẹ́. Ṣùgbọ́n kí a má gba páálí gbọ́ tán. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ni ó ń lo Fomapan 400 bí ẹni pé 200 ni, nítorí pé bí wọ́n bá tẹ̀ lé nọ́ńbà ara rẹ̀, ibi tí òjìji wà máa ń ṣófo. Lóru, ìmọ́lẹ̀ tún máa ń ràn yí iná àtùpà ká lára irú fíìmù wọ̀nyí.

3.0 Awọ dúdú nínú aṣọ funfun

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà gan-an. Ẹ̀rọ tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà kò mọ aṣọ yàtọ̀ sí ojú. Ohun tí ó gbà ni pé gbogbo nǹkan tí a bá kọ ọ́ sí ń dá nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ padà. Aṣọ funfun lè dá tó 90 padà. Nítorí náà, bí a bá ka ìmọ́lẹ̀ lára aṣọ funfun, ìdá kan nínú márùn-ún ìmọ́lẹ̀ tí ó yẹ ni fíìmù yóò rí gbà. Aṣọ lè fara da èyí. Awọ dúdú kò lè fara dà á.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ìyá àgbà kan ni mo lọ yà, tí ó ń ké oríkì Ọbàtálá. Funfun ni ó wọ̀ láti òkè dé ilẹ̀, bí ó ti yẹ. Ara aṣọ ni mo ti ka ìmọ́lẹ̀, nọ́ńbà ara páálí ni mo sì tẹ̀ lé. Nígbà tí mo fọ fíìmù náà, a lè ka ìṣẹ́po aṣọ ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n òfìfo ni ojú rẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ ní ọdún kejì, wọ́n ní ìyá ti papò dà. Ohùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ojú rẹ̀ kò sí níbì kankan tí mo mọ̀.

Ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá dé lára fíìmù, kò sí oògùn tí ó lè mú nǹkan jáde níbẹ̀. Èyí ni ó fi yẹ kí a súnmọ́ ẹni náà, kí a ka ìmọ́lẹ̀ lára ojú rẹ̀, tàbí kí a kà á lára àtẹ́lẹwọ́ ara wa nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà kí a sì fi ìlọ́po méjì kún un. Bí aṣọ bá fẹ́ funfun jù, a ó dín àkókò fífọ̀ kù díẹ̀: fífọ̀ ni ó ń ṣàkóso ibi tí ó mọ́lẹ̀, gbígba ìmọ́lẹ̀ ni ó ń ṣàkóso òjìji. Ẹni tí ó bá rò pé fíìmù dúdú-àti-funfun kò lè fi dúdú hàn kí ó wo àwòrán irun dídì tí J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968. Irun dúdú lórí awọ dúdú ni, síbẹ̀ a ń rí ojú ìpín kọ̀ọ̀kan.

4.0 Fífọ̀ rẹ̀ nílé

20°C ni ìwé ìlò oògùn sábà máa ń sọ. Omi ẹ̀rọ wa kì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Oògùn tí ń gba ìṣẹ́jú mẹ́jọ ní 20°C kò ní gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ààbọ̀ lọ ní 27°C, bí àkókò bá sì ti kúrú tó bẹ́ẹ̀, fíìmù lè má fọ̀ dọ́gba. Omi yìnyín nínú agbada dára, ṣùgbọ́n iná mànàmáná kì í fìgbà gbogbo sí. Ọ̀nà tí ó rọrùn ni kí a fi omi lú D-76 ní ìwọ̀n kan sí kan, kí àkókò lè gùn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ó lò ó, a ó sì dà á nù.

Omi tí a ó fi ṣan fíìmù kò ní láti pọ̀. Lẹ́yìn tí oògùn ìkẹyìn bá ti ṣiṣẹ́ tán, a ó pọn omi kún agolo ìfọṣọ fíìmù, a ó yí i dorí kodò nígbà 5, a ó dà á nù. A ó tún pọn òmíràn, ìgbà 10. Òmíràn, ìgbà 20. Lẹ́yìn èyí a ó sá a sí ibi tí eruku kò sí, kí a tó gé e sínú àpò bébà. Ní ìgbà òjò, kí a má ṣe kó o sínú àpótí onírin tí kò ní atẹ́gùn, nítorí pé èbu máa ń jẹ ojú fíìmù níbẹ̀.