Koríko Ni Oúnjẹ, Ìpápánu Ni Ìyókù

Ọmọ mi obìnrin ni ó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé gíní pígì rẹ̀ kò jẹun mọ́. Ọkà aláwọ̀ mèremère tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Lọ́ńdọ̀nù kún inú abọ́, ṣùgbọ́n ẹranko náà lóṣòó sí igun kan, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Dókítà ẹran fi hàn wá pé eyín ẹ̀yìn rẹ̀ ti gùn jù. Ó wá béèrè pé, “Báwo ni koríko gbígbẹ tí ó ń jẹ lóòjọ́ ṣe pọ̀ tó?” Mo wo ọmọ mi, ọmọ mi wò mí.

Orí àwọn òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹranko yìí ti wá, ìbátan òyà wa ni. Eyín 20 ni ó ní, gbogbo wọn ni ó sì ń gùn títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Koríko líle tí ó ń lọ̀ lẹ́nu ni ó ń yọ́ wọn kù.

Fáíbà, ìyẹn fọ́nrán líle inú ewé, kì í dà bí búrẹ́dì ṣe ń dà. Àpò ńlá kan wà níbi tí ìfun kékeré ti pàdé ìfun ńlá. Ibẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń mú un kan, bí ògì ṣe ń kan nínú ìkòkò, tí ara sì ń rí agbára níbẹ̀. Ẹranko náà a tún máa jẹ ìgbẹ́ rírọ̀ rẹ̀ kí èròjà má baà ṣòfò. (Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ má bínú.) Bí fáíbà bá kéré, ìfun á dẹ́kun iṣẹ́, afẹ́fẹ́ á kún inú, ikú kò sì jìnnà.

Ti ọmọdé rẹ̀ gba àlàyé díẹ̀. Bí ó ti ń dàgbà, ó ń fẹ́ èròjà amúaradàgbà àti kálísíọ́ọ̀mù, tí koríko alfalfa ní lọ́pọ̀. Nígbà tí ó bá tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ẹ dá alfalfa dúró, nítorí kálísíọ́ọ̀mù àpọ̀jù lè di òkúta nínú àpò ìtọ̀. Ẹni tí ó bá sì ń fi ọkà bọ́ ọ kí ó lè tètè tóbi, ọ̀rá ni ó ń kó jọ sí i lára.

Bíi ti ènìyàn, ara rẹ̀ kò lè ṣe fítámì C fúnra rẹ̀. Ègé tàtàṣé tútù lójoojúmọ́ dára fún un. Ẹ má fún un ní àlùbọ́sà.

Dókítà gé eyín náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi sírínjì bọ́ ọ kí ó tó ki ẹnu bọ koríko fúnra rẹ̀. Báyìí, òkìtì koríko tí ó tó ẹranko náà ní títóbi ni ọmọ mi ń kó sí i láràárọ̀ kí ó tó wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́.