Ère Ìbejì Ilé Wa àti Ápù Cézanne

Ère ìbejì méjì wà nínú àpótí ìyá ìyá mi ní ilé wa ní Ará, nítòsí Ẹdẹ. Ìkókó ni àwọn ìbejì tí wọ́n bí nígbà tí àwọn méjèèjì kú. Àwọn ère yìí ni wọ́n fi ń rántí wọn. Orí ère náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdá kan nínú mẹ́ta gíga wọn, ojú wọn yọ síta, ẹsẹ̀ wọn sì kúrú. Nígbà tí mo ń kọ́ àwòrán yíyà, mo gbà pé ẹni tó gbẹ́ wọn kò mọ iṣẹ́. Àwòrán tó bá jọ fọ́tò nìkan ni mo kà sí iṣẹ́ ọnà.

Lọ́dún tó kọjá, oníṣòwò ère kan wá bá wa. Iye owó tó dárúkọ lè san owó ilé-ìwé àbúrò mi fún sáà kan. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní kí a tà wọ́n. Ìyá mi kò sọ̀rọ̀. Èmi tí wọ́n ń pè ní ayàwòrán ni gbogbo wọn yíjú sí.

Paul Cézanne ló wá sí mi lọ́kàn. Ìlú Aix-en-Provence ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti bí i ní 1839. Àwọn ayàwòrán ìgbà rẹ̀ ń lépa bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tàn sára nǹkan fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Òun ń wá ohun tí kì í ṣá. Ó ń to ọ̀dà ní ègé-ègé bí ẹni ń mọ ògiri, títí ápù tàbí òkè Sainte-Victoire yóò fi dúró digbí. Nínú àwòrán rẹ̀, etí tábìlì lè má bára dọ́gba, a sì lè máa wo abọ́ kan láti òkè àti láti ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi í ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n ó yé àwọn ọ̀dọ́. Ní 1899, tí owó ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ Henri Matisse, ó ra àwòrán Cézanne kan, àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń wẹ̀. Kò tà á. Ọdún 37 ló fi wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó fún mùsíọ́mù kan ní Paris. Cézanne kú ní 1906. Ní 1907, wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ tó lé ní 50 ní Paris. Ọdún yẹn kan náà ni Picasso rí ère àti ìbòjú ilẹ̀ Áfíríkà ní mùsíọ́mù kan níbẹ̀. Láti inú orísun méjèèjì ni òun àti Georges Braque ti bu omi tí wọ́n fi tún àwòrán ayé òde òní pò.

Ní 1906 yẹn náà, ní Èkó, Àìná Ọ̀nàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ń ya Ìyáàfin Spencer Savage bí ó ṣe rí gẹ́lẹ́. Àwọn òyìnbó ní ènìyàn dúdú kò lè ya irú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ já wọn nírọ́. Bí Paris ṣe ń fi ìjọra sílẹ̀, ni tiwa ń gbé e. N kò bá a wí, nítorí ìwọ̀sí náà pọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ìjọra yẹn ni èmi náà fi kẹ́gàn ère ilé wa.

Agbẹ́gilére wa mọ ohun tó ń ṣe. Orí ló tóbi nítorí pé orí ni ẹlẹ́dàá ẹni. Ọmọ ọwọ́ ló kú, àgbàlagbà ló gbẹ́, nítorí ohun tí ọmọ náà ì bá dà ló ń wò. Ọ̀nà rẹ̀ kì í ṣe ti Cézanne: Cézanne ń wá bí nǹkan ṣe dúró, tiwa ń wá ohun tí nǹkan jẹ́. Àwọn méjèèjì kàn kọ̀ láti jẹ́ ẹrú ojú ni. Susanne Wenger, tó kọ́ṣẹ́ ọnà ní Vienna, rí èyí nígbà tó gbé ní Ẹdẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, tó sì kọ́ nípa Ọbàtálá lọ́dọ̀ Ajagẹmọ.

Mo sọ ti Matisse fún wọn nílé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní, “Ṣé òun náà ní ọmọ tó ń bọ́?”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ní.”

A kò ta ère náà. Àwòrán àwọn ọlọ́jọ́-ìbí, èyí tó jọ fọ́tò gẹ́lẹ́, ni mo yà tà tí mo fi san owó ilé-ìwé náà. Lálẹ́, mo máa ń gbé àwọn ìbejì wa sórí tábìlì, mo sì tún ń kọ́ bí a ṣe ń wò wọ́n.