Ilé ìwòràwọ̀ tó wà lókè afẹ́fẹ́

Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì 177 ní Thamesmead, tó gba Woolwich kọjá, yóò dé Greenwich, níbi tí ilé ìwòràwọ̀ ọba ti wà lórí òkè láti ọdún 1675. Kò sí awò tí wọ́n lè gbé síbẹ̀ tó máa rí ìtànṣán X-ray tó ń ti ara ìràwọ̀ wá. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí kì í jẹ́ kó dé ilẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ afẹ́fẹ́ náà, nítorí ìtànṣán yẹn léwu fún ara. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wo gáàsì tó ń hó yí ihò dúdú ká, tó gbóná dé àìmọye mílíọ̀nù dígírì, àfi kó gbé awò rẹ̀ kọjá afẹ́fẹ́.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń gbé e lọ. Wọ́n ti ń rọ rọ́kẹ́ẹ̀tì ní Royal Arsenal, Woolwich, láyé William Congreve, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Ti ogun ni tìyẹn o. Ní 1962, Riccardo Giacconi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi tiwọn ránṣẹ́ sókè ní Amẹ́ríkà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló lò lókè, ó sì rí Scorpius X-1, ibi kan lójú ọ̀run tí X-ray ti ń wá. Sátẹ́láìtì tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún iṣẹ́ yìí nìkan, etí òkun Kenya ló ti gbéra, ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, 1970, àyájọ́ òmìnira Kenya. Wọ́n sì sọ ọ́ ní Uhuru, ìyẹn òmìnira ní èdè Swahili.

Ti ilẹ̀ Yúróòpù, XMM-Newton, gòkè ní oṣù Kejìlá 1999. Dígí rẹ̀ ya ènìyàn lẹ́nu. Bí X-ray bá kọlu dígí lójúkojú, dígí á gbé e mì. Àfi kó rá a lára kọjá. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ki dígí méjìdínlọ́gọ́ta bọ inú ara wọn bí ife, wúrà lára wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mẹ́ta irú rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Yunifásítì Leicester ló ṣáájú àwọn tó ṣe kámẹ́rà EPIC tó ń gba àwòrán. Láti 2023, Maggie Aderin-Pocock, ọmọ tí àwọn òbí Nàìjíríà bí sí Lọ́ńdọ̀nù, ni Chancellor Leicester, ipò tó ga ju ti gíwá lọ níyì.

Onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè yòówù lè kọ̀wé béèrè pé kí wọ́n yí awò náà sí ibi tó fẹ́. Ìgbìmọ̀ á yẹ ìwé wò. Púpọ̀ ni wọ́n ń dá padà. Ẹni tó bá rí i gbà ló ni àbájáde rẹ̀ fún ọdún kan, lẹ́yìn náà ó di ti gbogbo ayé. Lójú tèmi, òfin ọdún kan yẹn ta wúrà ara dígí yọ.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń ka físíìsì ní Woolwich àti Thamesmead, ẹ sọ fún un pé àkójọ XMM-Newton wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì gba kọ́bọ̀.