Oòrùn, Òṣùpá àti Àgùàlà

Ní ọ̀sán, oòrùn ni a máa ń rí ní ojú ọ̀run. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a óò rí òṣùpá àti àìmọye ìràwọ̀. Gbogbo wọn ni ó ń tàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Àwọn kan ń yá ìmọ́lẹ̀ lò ni.

Oòrùn

Ìràwọ̀ ni oòrùn. Òun ni ìràwọ̀ tí ó sún mọ́ wa jù lọ. Ìdí nìyí tí ó fi tóbi lójú wa ju àwọn yòókù lọ. Síbẹ̀, ó jìnnà sí ayé tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a máa lo ìṣẹ́jú 8 ó lé díẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

A máa ń sọ pé oòrùn yọ, tàbí pé oòrùn wọ̀. Ní òtítọ́, ayé wa ni ó ń yí bí òkòtó. Wákàtí 24 ni ó fi ń yí lẹ́ẹ̀kan. Apá tí ó bá kọjú sí oòrùn wà ní ọ̀sán. Apá tí ó bá kẹ̀yìn sí i wà ní òru.

Òṣùpá

Òṣùpá kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Òkúta àti erùpẹ̀ ni. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ó bà lé e ni ó ń tàn padà sí wa. Bí ó ti ń yí ayé ká, ibi tí ìmọ́lẹ̀ dé lára rẹ̀ tí àwa ń rí a máa pọ̀ sí i, a sì tún máa dín kù. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tín-ín-rín ni. Bí ó bá yá, yóò di òṣùpá àrànmọ́jú. Láti ìgbà tí òṣùpá bá lé títí di ìgbà tí òmíràn yóò tún lé, ó jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 29 ààbọ̀. Òun ni àwọn baba wa fi ń ka oṣù.

Àgùàlà

Àwọn àgbà máa ń pe àgùàlà ní ajá òṣùpá, nítorí pé wọ́n ń rí i nítòsí òṣùpá nígbà mìíràn. Àgùàlà kì í ṣe ìràwọ̀, kì í sì í tẹ̀ lé òṣùpá. Pílánẹ́ẹ̀tì ni, bí ayé wa. Pílánẹ́ẹ̀tì 8 ni ó ń yí oòrùn ká. Àgùàlà ni ìkejì sí oòrùn, ayé sì ni ìkẹta. Ọ̀dọ̀ oòrùn ni àgùàlà náà ti ń yá ìmọ́lẹ̀.

Bí òṣùpá bá dí oòrùn

Nígbà mìíràn, òṣùpá a máa bọ́ sí àárín ayé àti oòrùn, a sì dí oòrùn mọ́ wa lójú. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, ọdún 2006, ilẹ̀ ṣú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ní òwúrọ̀ ní àwọn ibì kan ní Gánà, Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà. Kì í ṣe pé òṣùpá àti oòrùn ń jà. Òjìji òṣùpá ni ó bọ́ sórí ilẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má ṣe tẹjú mọ́ oòrùn láé, ìbáà jẹ́ ìgbà tí òṣùpá bò ó. Ó lè fọ́ni lójú láìdunni rárá. Ẹ má wò ó nínú omi, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé awò ojú dúdú. Ẹ dá ihò kékeré kan sí ara páálí, kí ẹ kẹ̀yìn sí oòrùn, kí ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú ihò náà bọ́ sórí ìwé funfun. Orí ìwé yẹn ni kí ẹ ti wo bí oòrùn ti rí.

Ìbéèrè

1. Kí ni ó ń mú kí ọ̀sán àti òru wà?
2. Níbo ni òṣùpá ti ń rí ìmọ́lẹ̀?
3. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àgùàlà àti ìràwọ̀?
4. Kí ni ìdí tí kò fi yẹ kí a tẹjú mọ́ oòrùn?