AṢỌ́LÉ ORÍ BẸ́ǸṢÌ: ENYIMBA TI JẸ ÀǸFÀÀNÍ RẸ̀

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà lọ́jà Owódé, ní Ọ̀fà níbí. Télọ̀ kan ló ní aṣọ́lé kejì ò yàtọ̀ sí sípíà táyà, pé àfi tí èyí tó wà nílẹ̀ bá jò, ta ló ń rántí ẹ̀? Ni ìyá aláta kan bá dá a lóhùn: "Ìwọ náà ò ṣọmọ iṣẹ́ rí ni?"

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ̀yìn ìyá aláta ni mo wà.

Ẹ rántí ọdún 2004. Aṣọ́lé àgbà ni Vincent Enyeama jẹ́ fún Enyimba ti Aba. Dele Aiyenugba ló wà lórí bẹ́ǹṣì, ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Kwara United tiwa níbí kó tó gba Aba lọ. Àmọ́ Okey Emordi, kóòṣì wọn, ti wo àwọn méjèèjì fín-nífín-ní. Ó rí i pé tọ́rọ̀ bá di pẹ́náritì, Aiyenugba lọwọ́ ẹ̀ yá jù. Ló bá fi ìyẹn ṣe iṣẹ́ tiẹ̀.

Nígbà tó di àṣekágbá ife àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà, Étoile du Sahel na Enyimba 2-1 ní Tùnísíà. Ní December 12, l'Abuja, Enyimba náà san án padà, 2-1. Ó di pẹ́náritì. Emordi yọ Enyeama, ó ti Aiyenugba wọlé. Irú àyà wo nìyẹn! Tó bá bàjẹ́ ńkọ́? Àwọn èèyàn ì bá fi òkò lé kóòṣì délé. Ṣùgbọ́n 5-3 ni Enyimba fi gbé ife náà, ẹlẹ́ẹ̀kejì léra.

Enyeama fúnra ẹ̀ mọ orí bẹ́ǹṣì dáadáa. Ní 2002, níbi ife àgbáyé ní Japan, Ike Shorunmu ló wà níwájú ẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti nà wá lẹ́ẹ̀mejì, Adegboye Onigbinde, ọmọ Modákẹ́kẹ́, fa ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún yìí kalẹ̀ fún England. Òmìnì ni wọ́n ta, 0-0. Ní 2013 tí a gba ife Áfíríkà, ta ló ń kọ́ Enyeama níṣẹ́ aṣọ́lé? Shorunmu yìí kan náà ni.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn Emordi, ní Brazil, Louis van Gaal ti Netherlands yọ Jasper Cillessen, ó fi Tim Krul sí i nígbà tí pẹ́náritì kù sí dẹ̀dẹ̀. Krul mú méjì lọ́wọ́ Costa Rica, òyìnbó pariwo bí ẹni pé ẹnì kan ò dán an wò rí. Ibi tí kò dùn mọ́ mi nínú ni pé wọn ò sọ fún Cillessen tẹ́lẹ̀. Ó bínú débi tó fi ta ìgò nípàá. Nígbà tí wọ́n pàdé Argentina, van Gaal ti lo gbogbo pààrọ̀ tó ní tán, Cillessen náà ló kù lójú ilé. Kò mú ẹyọ kan. Argentina ló jáwé olúborí.

Mo ro gbogbo èyí fún télọ̀ wa. Ó ní ó dáa, àmọ́ òun ò lè gbé sísọ́ọ̀sì lé ọmọ iṣẹ́ òun lọ́wọ́ lórí léèsì oníbàárà, ọwọ́ ẹ̀ ṣì ń gbọ̀n. Ìyá aláta ò tilẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń ṣa ata.

"Ọdún mélòó ló ti lò lọ́dọ̀ ẹ?"

Télọ̀ ní mẹ́ta.