Àpótí Tó Ń Ba Ohùn Jẹ́

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fa àga yín súnmọ́ iná. Àgbàdo yẹn kò tíì jinná, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ ní kí n pàlọ́, ṣùgbọ́n n kò ní pàlọ́ ìjàpá lálẹ́ òní. Ìjàpá ti jìyà tó lẹ́nu mi. Ohun ìyanu tí ojú mi rí, tí etí mi sì gbọ́, ni n ó sọ, ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, ẹlẹ́rìí mi nìyí lọ́wọ́ mi: àpótí irin pẹlẹbẹ, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń bó, bọ́tìnnì méjì tí à ń yí wà lórí rẹ̀, ọ̀kan tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ sì wà láàárín. Àwa tí à ń ta gìtá ń pè é ní fọ́ọ̀sì.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ń ba ohùn jẹ́. Ohùn gìtá tó mọ́ gaara á gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, á gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde, á ti há, á máa kùn, á sì gùn ju bí ọwọ́ ṣe ta á lọ.

Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti rà á, nígbà tí mo ṣì wà lọ́dọ̀ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gìtá tó dáa nígbà náà, Denmark Street, lẹ́bàá Charing Cross Road, ni yóò lọ. Èmi náà máa ń lọ. N ó dúró lẹ́yìn gíláàsì, n ó wò ó tẹ́rùn, n ó sì padà sílé, torí owó tó wà lápò mi kò ju owó ọkọ̀ lọ. Ọjà àlòkù ọjọ́ Sátidé ni mo ti rí tèmi, lábẹ́ ìkòkò tíì tó ti sán àti bàtà ẹsẹ̀ kan. Obìnrin tó ń tà á kò mọ ohun tó jẹ́. Ó ní bóyá ara rédíò ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ rédíò yẹn sọ́kàn. Kò sí orúkọ kankan lára rẹ̀, àfi pé Japan ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn ilé-iṣẹ́ Japan ń ṣe irú rẹ̀ rẹpẹtẹ lásìkò náà, wọ́n á sì lẹ orúkọ tí oníbàárà bá fẹ́ mọ́ ọn, nítorí náà àpótí kan náà lè jẹ́ orúkọ mẹ́rin ní ìlú mẹ́rin.

Bí wọ́n ṣe bí ìran rẹ̀ gan-an ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Ní ìlú Nashville, ní Amẹ́ríkà, ní òpin ọdún 1960, Marty Robbins ń gba orin rẹ̀ kan sílẹ̀, “Don't Worry”, ní sitúdíò tí wọ́n ń pè ní Quonset Hut. Orin ìfẹ́ tútù ni. Grady Martin ló mú gìtá báàsì olókùn mẹ́fà dání. Bó ṣe kan ibi tí yóò ti dá ta, tàǹsífọ́mà kan bẹ̀rẹ̀ sí í kú nínú ẹ̀rọ tí ohùn rẹ̀ ń gbà kọjá. Ẹ mọ tàǹsífọ́mà, ti àdúgbò wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bú gbàmù. Ti Nashville kéré sí i, ṣùgbọ́n ikú rẹ̀ ní ohùn. Báàsì tó yẹ kó rọra dún ń kùn, ó ń bú ramúramù láàárín orin ìfẹ́. Ó yẹ kí wọ́n tún un gbà. Wọ́n jiyàn, wọ́n jiyàn, wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, orin náà sì gòkè dé ipò kìíní láàárín orin kọ́ńtírì ní 1961.

Glenn Snoddy ló jókòó ti ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Àwọn olórin mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ ọ́ wá pé ohùn tó bàjẹ́ yẹn ni àwọn náà fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ọ̀hún ti wá kú pátápátá. Ẹ ò rí ọ̀ràn? Ìgbà tó ń ṣàìsàn ló níye lórí. Nígbà tó kú tán, wọ́n ń wá àìsàn rẹ̀ kiri. Snoddy àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Revis Hobbs, bá fi tíráńsítọ̀ mẹ́ta kan àpótí kékeré kan, tí yóò máa ṣàìsàn yẹn ní gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ilé-iṣẹ́ Gibson gbà á lọ́wọ́ wọn, ó sì gbé e jáde ní 1962 ní orúkọ Maestro Fuzz-Tone. Ìpolówó rẹ̀ ní yóò sọ gìtá di fèrè. Irọ́ ni! Àwọn ṣọ́ọ̀bù kó o jọ, kò tà, ó jókòó sórí pẹpẹ fún ọdún mélòó kan.

Oorun ló gbé e kúrò lórí pẹpẹ. Keith Richards, tó ń ta gìtá fún àwọn Rolling Stones, sọ pé òun jí láàárọ̀ ọjọ́ kan ní 1965, òun rí i pé téèpù inú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn òun ti yí dé òpin. Ó dá a padà. Ó gbọ́ gìtá díẹ̀, orin tí òun kò rántí pé òun ta, lẹ́yìn náà ó gbọ́ ara rẹ̀ tó ń hanrun títí téèpù fi tán. Ohun tó ta lójú oorun yẹn ni wọ́n fi ṣe “Satisfaction” ní Hollywood ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Fèrè ló fẹ́ kó kọ ọ́. Ó kàn fi Fuzz-Tone di àyè àwọn onífèrè mú ni, kí wọ́n tó dé. Wọn kò dé. Àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn ní kí orin máa lọ bẹ́ẹ̀, òun ní tirẹ̀ kọ̀. Kí ọdún tó parí, Fuzz-Tone ti tán lọ́jà. Lọ́dún yẹn kan náà, Otis Redding kọ orin náà, ó sì fi fèrè gidi sí i. Ti Otis ló wù mí jù, ṣùgbọ́n ẹ bi aráyé, ti àyè dídì ni wọ́n mọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ sẹ́kọ́ńdírì, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ bi mí bí ó ṣe ń ṣe é. Bí okùn gìtá bá ń gbọ̀n, iná tó ti ara rẹ̀ jáde ń gòkè, ó ń sọ̀, ó ń gòkè, ó ń sọ̀, kò gbá nǹkan kan. Tíráńsítọ̀ àkọ́kọ́ á gbé e ga. Èkejì á tún gbé e ga sí i. Ṣùgbọ́n agbára bátìrì ni àjà ilé wọn. Bí wọ́n bá gbé ohùn kọjá ibẹ̀, orí rẹ̀ á gbá àjà, á tẹ́ pẹrẹsẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà á gbálẹ̀. Ohùn tó bá tẹ́ lórí báyìí ń bí àwọn ohùn tí ọwọ́ kò ta, èyí tó yára ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́ta, ìlọ́po márùn-ún, gbogbo wọn á rọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ yẹn ló ń kùn létí yín. Gbígbá àjà yìí náà ni kì í jẹ́ kí ohùn tètè kú: okùn lè ti ń rẹ̀, ìwọ̀nba tó kù nínú gbígbọ̀n rẹ̀ ṣì tó láti forí gbá àjà.

Ó yá, ọ̀rọ̀ rédíò.

Mo ti padà dé Ìbàdàn nígbà náà, a ti ní ẹgbẹ́ kékeré kan, yàrá tí mo háyà ni a ti ń ṣe ìdánrawò. A dáwọ́ dúró lálẹ́ ọjọ́ kan láti jẹ ẹ̀wà. Mo gbé gìtá ti ògiri, mi ò pa áńpù tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde, mi ò pa fọ́ọ̀sì. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ohùn ọkùnrin kan jáde, ó kí wa kú alẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn ní Yorùbá. Kò sí rédíò nínú yàrá yẹn! Onílù wa, tí kì í bẹ̀rù ọlọ́pàá, ti dé ìta kí ọkùnrin náà tó parí gbólóhùn àkọ́kọ́. Màmá onílé wa yọjú.

“Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta lẹ kó sínú àpótí yẹn?”

“Ẹ má bínú, Màmá. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.”

“Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ló ń dárúkọ gómìnà?”

Àlàyé rẹ̀ kò le. Wáyà gìtá mi gùn, ìbòrí rẹ̀ kò dáa, ó sì sọ ara rẹ̀ di ẹ́ríà. Jẹmáníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe tíráńsítọ̀ àpótí mi, ìyẹn a máa gba iná láyè ní apá kan ju apá kejì lọ, ohun tí rédíò sì nílò kò ju ìyẹn lọ láti yọ ọ̀rọ̀ kúrò lára ìgbì tó gbé e wá. Jẹmáníọ̀mù náà ni àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń lò nínú rédíò tí kò ní bátìrì. Mo ṣàlàyé fún Màmá títí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń kan ilẹ̀kùn pé ṣé ẹni inú àpótí kò ní ka ìròyìn lónìí ni.

Ohun tí jẹmáníọ̀mù kò lè fara dà ni ooru. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, iná á máa jò níbi tí kò yẹ kó ti jò, ohùn á máa gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Òde ọ̀sán lábẹ́ kánópì, ẹ mọ bó ṣe ń rí. N ó fi ọ̀rá wé e, n ó gbé e sórí kúlà ọtí títí orin tí mo fẹ́ lò ó fún yóò fi kàn. Ọ̀pọ̀ olóde ló rò pé ọtí ni mò ń ṣọ́.

Tíráńsítọ̀ ìgbà yẹn kò sì dọ́gba. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti 1966, wọ́n ń ta èyí tí wọ́n pè ní Fuzz Face, tó rí roboto torí pé ìdí ọ̀pá máíkù ni Ivor Arbiter tó gbé e jáde wò kó tó yà á. Òun ni onígìtá Jimi Hendrix ń lò. Roger Mayer tó ń bá a tún ẹ̀rọ ṣe sọ pé ọ̀pọ̀ ni àwọn ń dán wò kí àwọn tó rí ọ̀kan tó gbọ́ràn. Hendrix lówó láti ṣà á. Èyí tí mo bá lábẹ́ ìkòkò tíì ni mo gbà.

Ẹ má sì rò pé òkè òkun nìkan ni wọ́n ti ń ba ohùn jẹ́. Berkley Jones, Laolu Akintobi àti Odumosu fi lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn ṣe ẹgbẹ́ BLO ní Èkó, wọ́n sì gbé àwo orin Chapter One jáde ní 1973. Lọ́dún náà, àwọn ọmọ ilé-ìwé St. Gregory's, ẹgbẹ́ Ofege, gbé Try and Love jáde. Yunifọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́rùn wọn o! Ẹ gbọ́ gìtá inú rẹ̀ kí ẹ tó sọ fún mi pé iṣẹ́ àmúrelé ti pọ̀ jù. Jùjú kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á, n kò sì dá àwọn onijùjú lẹ́bi: gìtá mẹ́ta, mẹ́rin ń dá ara wọn lóhùn níbẹ̀, bí ẹyọ kan bá wọ fọ́ọ̀sì, á bo ìyókù mọ́lẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fi fọ́ọ̀sì ta gìtá kò gbọ́dọ̀ jẹ́ alásọjù. Bí o bá ta kọ́ọ̀dù kíkún, àwọn ọmọ ohùn yẹn á kọ lu ara wọn, kò ní yé ẹnikẹ́ni. Okùn kan ló fẹ́, tàbí méjì tó bára mu. N kì í sábà fọwọ́ kan bọ́tìnnì orí rẹ̀. Ti ara gìtá ni mò ń yí: bí mo bá dín in kù, ohùn á mọ́, bí mo bá ṣí i tán, inú á bí i. Ẹ má fi ẹ̀rọ mìíràn sáàárín òun àti gìtá, kò ní gbọ́ràn mọ́.

Ìyá yín ní ariwo lásán ni. Kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ṣaworo ara ìyáàlù? Awọ dùndún lè sọ̀rọ̀ láìsí ṣaworo, síbẹ̀ àwọn baba wa fi idẹ yí i ká kó máa ṣẹ́nu wọ́rọ́wọ́rọ́ sí gbogbo ohun tí awọ bá wí. Ní tèmi, etí tó fẹ́ràn ìyẹn kò ní í bá fọ́ọ̀sì jà.

Ó ku ti bátìrì. Onígun mẹ́rin ti 9 fóòtì ló ń jẹ, bí o bá sì gbàgbé wáyà gìtá sínú ihò rẹ̀ mọ́jú, á jẹ ẹ́ tán láìsí orin. Ṣùgbọ́n bátìrì tuntun kọ́ ló dùn jù nínú rẹ̀. Èyí tó ti ń kú lọ ni, torí àjà ti wálẹ̀, ohùn tètè ń gbá a. Ọ̀pọ̀ àgbà onígìtá mọ̀ bẹ́ẹ̀, débi pé àwọn kan ń ta ẹ̀rọ iná tó ní bọ́tìnnì tí yóò máa ṣe bí bátìrì tó ń kú. Owó gidi ni wọ́n ń gbà fún un! Èmi ò ra irú rẹ̀. Wáyáméènì òpópónà kejì ń lo irú bátìrì yẹn nínú mítà rẹ̀, bí mítà bá ti kọ̀ tí kò kàwé mọ́, á yọ ọ́, á sì fi rán ọmọ sí mi.